Orúkọ Tí Wọ́n Fi Pè Ọ́ Lórí Pápá

Adamstown, Dublin,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Tóbilọ́ba ọmọ mi, Àkànní, ọmọ tí mo fi aṣọ mẹ́ta wé kí òtútù má baà rí i,

Bàbá rẹ kí ọ. Àbúrò rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun ti kó wọ yàrá rẹ, kí o má bínú. Ara wa le. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, ìwàásù gùn, ìrẹsì ti wà lórí iná, mo sì ti ti ilẹ̀kùn kíṣìnì mọ́ra mi kí n lè kọ̀wé yìí tán kí ẹnikẹ́ni tó pè mí.

Mo mọ̀ pé tí o bá rí i pé Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, wàá mí kanlẹ̀. Rọra kà á. Kà á sókè. Etí rẹ gbọ́ Yorùbá ju ojú rẹ lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ, mi ò lè fi gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, nítorí ìwé gẹ̀ẹ́sì ni mo fi purọ́ nígbà kan.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, o pè mí láti pápá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù yín l'Ámẹ́ríkà. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa, àárọ̀ ni lọ́dọ̀ yín. Ò ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ò ń fi fóònù yí pápá ká kí n lè rí i. O fi ibi tí àwọn tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù máa ń dúró sí hàn mí, tí wọ́n ti tẹ́ koríko tuntun bò nítorí tiyín. Àwọ̀ koríko yẹn yàtọ̀. Ó dà bí ojú oórì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bò, ṣùgbọ́n mi ò sọ. Rélùwéè kan kọjá lẹ́yìn àga àwọn òǹwòran. Ìgbà yẹn lo rẹ́rìn-ín, tí o ní, “Mam, the oul lad that minds the kit keeps calling me Rotimi. Who's Rotimi?” Bàbá arúgbó tó ń tọ́jú jẹ́sì yín lò ń sọ.

Mo sọ fún ọ pé omi tíì mi ti ń hó. Kò sí omi lórí iná. Mo pa fóònù, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fẹ̀yìn ti press tí a ń kó ìkòkò sí, ibẹ̀ ni bàbá rẹ ti ibi iṣẹ́ dé bá mi.

Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, ẹnikẹ́ni ò pe orúkọ yẹn nínú ilé yìí rí.

Kí o tó lọ, mo ti kọ ìmọ̀ràn sílẹ̀ fún ọ lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìwé kan láti ibi iṣẹ́. Mo fẹ́ kà á fún ọ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ẹkún ò jẹ́. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Àkọ́kọ́: ẹgbẹ́ tí o wà kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá, má sì tìtorí ìyẹn fojú di í. O ti ṣàlàyé fún mi pé lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀ ẹgbẹ́ kì í gòkè, kì í sì í já wálẹ̀. Ipò tí wọ́n bá fi í sí náà ló máa wà, ẹni tó bá fẹ́ gòkè, òun nìkan ló máa dá gòkè. Má jẹ́ kí ìyẹn sọ ọ́ di ẹni tó ń fi èjìká bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣubú. Àwọn tí ẹ jọ ń sùn nínú bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú tó jìnnà láti lọ gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ni ẹbí rẹ níbẹ̀. Se oúnjẹ fún wọn. Ìrẹsì tí mo kọ́ ọ, dín iyọ̀ rẹ̀ kù. Tí eékún rẹ bá dùn ọ́, sọ. Má sọ pé “it's grand.” Gbogbo ohun tó bá ń dun ọmọ Dublin, “it's grand” ló máa sọ, títí wọ́n á fi gbé e lọ sí ọsibítù.

Èkejì: má fọwọ́ sí ìwé tí kò bá yé ọ, má sì gba ìtumọ̀ tí ẹni tó fẹ́ràn rẹ bá ṣe fún ọ láì tún bi ẹlòmíì. Èmi tí mo ń sọ ọ́ yìí mọ ohun tí mo ń sọ. Mo ní àbúrò ọkùnrin kan. Rótìmí ni orúkọ rẹ̀.

Mo ti kọ ọ́ báyìí.

Lafẹ́ńwá, l'Ábẹ́òkúta, ni ilé wa, kò jìnnà sí ojú irin. Káfíńtà ni bàbá wa. Èmi àti Rótìmí nìkan ni ìyá wa bí kó tó kú, ọdún mẹ́jọ ni mo sì fi ju Rótìmí lọ. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ kò tíì là dáadáa, kò lè pe Fọlákẹ́ tán, ló bá sọ mí di “Àǹtí Lákẹ́.” Kò sí ẹlòmíì tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí láyé. Tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn tó ń sọdá ojú irin máa ń dúró wò ó títí fèrè ọkọ̀ á fi lé wọn. Kó tó gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ fún un, á fọwọ́ kan koríko, á wá fa etí rẹ̀ òsì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Àrà tirẹ̀ ni.

Ọkùnrin kan wá láti Èkó, ó wọ kóòtù nínú oòrùn, ó ní òun ń wá ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù fún àwọn ẹgbẹ́ kan l'Ámẹ́ríkà. Ó mú lẹ́tà kan wá. Bàbá wa ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì inú ìwé. Èmi tí mo ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan n'Íkẹjà ni wọ́n ránṣẹ́ sí pé kí n wá kà á. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

“Fọlákẹ́, ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n máa dá a padà wálé tí wọn ò bá gbà á?”

Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò sí níbẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí bí Rótìmí ṣe ń wò mí.

Mo ní, “Wọ́n kọ ọ́, Bàbá.”

Bàbá tẹ̀ka.

Ọmọ mi, irọ́ tí a fi ìfẹ́ pa, irọ́ náà ni. Mo rò pé mo ń ṣílẹ̀kùn fún un ni.

Ẹ̀kẹta. Èyí ni mi ò sọ fún bàbá mi títí ó fi kú, tí mi ò sì sọ fún bàbá tìrẹ títí di Ọjọ́bọ̀.

Kò ju oṣù kan àbọ̀ lọ lẹ́yìn tó lọ, fóònù ọ́fíìsì wa dún. Nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ni. Òun ni. “Àǹtí Lákẹ́.” Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú àgbá omi. Mo ń gbọ́ rélùwéè lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ọkùnrin oníkóòtù yẹn já òun sílẹ̀ lẹ́nu géètì pápá kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ, pé àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń bọ̀. Ó ní àwọn ènìyàn ibẹ̀ ṣojú àánú sí òun, wọ́n jẹ́ kí òun máa bá wọn gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ìwé òun kò jẹ́ kí wọ́n lè gba òun. Ó ní, “Mo fẹ́ máa bọ̀ nílé.”

Ọ̀gá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Tóbi, gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́ pé àbúrò mi wà l'Ámẹ́ríkà. Mo ti ń yan. Mo ti ra bàtà tuntun tí mo fi ń yan.

Mo ní, “Kí ni kí n sọ fún Bàbá? Ṣé o mọ iye ojú tó ń wò wá? Rótìmí, ikú yá ju ẹ̀sín lọ.”

Mo gbọ́ rélùwéè yẹn títí ó fi kọjá tán. Ó wá dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn tí mo bá rán an níṣẹ́ ní kékeré: “Ó dáa, Àǹtí Lákẹ́.”

Ó gbé fóònù sílẹ̀. A ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Bàbá kọ lẹ́tà títí, kò sí èsì. Ọkùnrin oníkóòtù náà pòórá. Nígbà tó yá, Bàbá máa ń gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ lọ sí ìdí ojú irin, á máa wo ojú gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni Bàbá kú sí, wọ́n sì wá sọ fún mi. Èmi àti bàbá rẹ wá síbí, oyún rẹ wà nínú mi, mo sì pinnu pé orúkọ Rótìmí ò ní bá mi wọ ìlú yìí.

Ẹyin lohùn, tó bá bọ́, kò ṣeé kó. Tí ẹnikẹ́ni bá pa òwe tí mo pa fún Rótìmí yẹn fún ọ, ì báà jẹ́ pásítọ̀, ì báà jẹ́ èmi fúnra mi tí orí mi bá dàrú, dìde kúrò níbẹ̀. Àwọn àgbà tó pa á kò rí ohun tí mo rí. Ẹ̀sín kì í pa ènìyàn. Mo gbé ilé tí wọ́n kó àwa tó wá tọrọ ààbò sí, ìdílé kan sí yàrá kan, mo tò sórí ìlà gba ọṣẹ, àwọn ènìyàn ń wò mí láti orí bọ́ọ̀sì bí ẹni ń wo ẹran. Ojú tì mí. Mi ò kú.

Tí o bá fẹ́ máa bọ̀ nílé, lónìí, lọ́la, kí àdéhùn rẹ tó pé, pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, máa bọ̀. Má kọ́kọ́ pè mí láti bi mí. Kan ilẹ̀kùn.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Jẹ́ kí n sọ èyí tí mo ṣẹ̀ ọ́ sí.

O ò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Clondalkin la ń gbé nígbà náà. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo dúró lójú fèrèsé, mo ń fọ abọ́, ìwọ nìkan lo wà lórí koríko iwájú ilé, níbi tí wọ́n ri igi góòlù kan mọ́, tí kò ní àwọ̀n. O gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. O fọwọ́ kan koríko. O wá fa etí rẹ òsì lẹ́ẹ̀mejì.

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. O gbá bọ́ọ̀lù náà, ó wọ àárín igi méjèèjì, ó ń lọ. Lẹ́yìn náà ó dúró. Ó wá ń yí padà bọ̀ wá bá ọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ta á fún ọmọdé. Kò sí ògiri níbẹ̀. Kò sí afẹ́fẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì dagun.

Mo sáré jáde. Mo ní, “Ta ló kọ́ ọ ní ohun tí o ṣe sí etí rẹ yẹn?”

O nàka sí ẹnu góòlù. “Yer man there.” Ọkùnrin kan lo ní o rí níbẹ̀.

Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo gbá ọ létí, mo ní tí o bá tún purọ́ bẹ́ẹ̀ màá jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́. O sunkún, o sì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ yẹn. Màá bẹ̀ ọ́ báyìí: má bínú. O ò purọ́. Ohunkóhun tí o bá rí níbẹ̀ tí kò yé ọ, sọ fún mi, mi ò ní gbá ọ létí mọ́.

Mo sì fẹ́ kí o mọ̀ pé ìyá rẹ náà kì í ṣe ọlọ́gbọ́n. Wọ́n kọ́ wa ní kékeré pé a kì í jẹ́ ìpè tí a ò bá rí ẹni tó pè wá. Lọ́jọ́ tí o fọwọ́ sí ìwé ẹgbẹ́ yẹn, mo ti tọ́jú àwọn arúgbó mi tán níbi iṣẹ́ ní Dún Laoghaire, mo wá rìn díẹ̀ lórí afárá òkúta tó wọ inú òkun, kí n tó wọkọ̀ wálé. Kùrukùrù bolẹ̀, ó sì ti bo ilé iná orí òkun. Obìnrin kan ń bọ̀ níwájú mi pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ẹnì kan wá sọ ọ́ sí mi létí òsì, kò pariwo: “Àǹtí Lákẹ́.”

Mo ní, “Hùn?”

Mo ti jẹ́ ẹ kí n tó ronú. Mo yíjú padà, òkúta àti kùrukùrù nìkan ni mo rí. Ṣùgbọ́n ajá obìnrin náà ti jókòó sílẹ̀, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ mi, kò fẹ́ kọjá. Obìnrin náà fà á títí, ó ní, “I'm so sorry, he's never like this.” Fóònù mi dún lápò. Ìwọ ni. Ò ń pariwo ayọ̀ pé wọ́n ti gbà ọ́ l'Ámẹ́ríkà.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè jó bí ìyá ṣe yẹ kó jó. O ní mo dà bí ẹni tí inú rẹ̀ ò dùn. Inú mi dùn. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ dé.

Lánàá, mo pe ẹgbẹ́ yín, mo ní kí wọ́n fún mi ní bàbá tó ń tọ́jú jẹ́sì. Ọ̀gbẹ́ni Walter bá mi sọ̀rọ̀, ó pẹ́. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ó ní lóòótọ́ ni, ọmọ Nàìjíríà kan wá sọ́dọ̀ àwọn nígbà tí òun ṣì lágbára, Rótìmí, pé ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù débi pé kóòṣì sunkún nígbà tí wọ́n ní ìwé rẹ̀ kò pé. Wọ́n ní kó bá wọn gbá bọ́ọ̀lù ìdánrawò kan kó tó lọ, kó lè rí ohun rántí. Walter fúnra rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn jẹ́sì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Rótìmí tọrọ fóònù ọ́fíìsì wọn. Nígbà tó jáde, kò wọ jẹ́sì. Ó gun orí àga àwọn òǹwòran lọ, ìlà tó ga jù, ó jókòó, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Ó wà níbẹ̀ títí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù tán. Yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń bọ́.

Walter ní òun kó bọ́ọ̀lù wọlé, òun padà láti lọ pè é wá jẹun. Báàgì wà lórí àga. Ọmọ ò sí níbẹ̀. Yìnyín ti bo àtẹ̀gùn tó gùn lọ funfun báláú, kò sí ipa ẹsẹ̀ ẹni tó sọ̀ kalẹ̀. Ọlọ́pàá wá, wọ́n wá a títí, wọn ò rí i.

Mo sunkún. Walter dúró kí n sunkún tán. Mo wá bi í pé kí ló dé tó ń fi orúkọ yẹn pe ọmọ mi.

Ó ní, “Ìyá, èmi kọ́ ni mo fún un lórúkọ yẹn. Mo bi í pé orúkọ wo ni kí n kọ sẹ́yìn jẹ́sì rẹ̀. Òun ló sọ pé Rótìmí ni. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ.”

Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi ọ́ lánàá pé kí lo sọ fún bàbá yẹn nígbà tó bi ọ́ lórúkọ. O dáhùn pé, “Tobi, obviously. Why?” Ìdí tí mi ò fi fèsì nìyí.

Bàbá rẹ ní kí n jẹ́ kí òkú sùn. Mo ní ta ló sọ fún un pé òkú ni? A kúnlẹ̀, a gbàdúrà fún ọ, a kò sì mọ ohun tí a máa gbàdúrà fún nípa ti Rótìmí.

Nítorí náà, fetí sí mi. Tí wọ́n bá tún pè ọ́ bẹ́ẹ̀, má jẹ́ ẹ, sọ pé, “Tóbilọ́ba ni mí, ọmọ Fọlákẹ́.” Sọ ọ́ ní Yorùbá. Báàgì náà wà lọ́wọ́ Walter, ó ti tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Má ṣí i. Má bá ẹnikẹ́ni jà, má sì tìtorí èyí fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ẹ̀bùn tìrẹ ni, kì í ṣe ogún ẹ̀rù. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ọmọ mi, ẹnì kan sì wà níbẹ̀ tó ti pẹ́ jù lẹ́yìn odi nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Èmi ni mo rán an níṣẹ́. Èmi náà ni mo gbọ́dọ̀ lọ pè é padà.

Mo ti gbàyè níbi iṣẹ́. Màá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ máa kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù nílé. Ọ̀sán ni, Walter ti sọ fún mi. Bá mi gba ìjókòó méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ní ìlà tó ga jù, níhà ojú irin. Bàbá rẹ ò ní bá mi wá, má bi mí pé ta ni mo fẹ́ gba èkejì fún.

Tí o bá sáré jáde sórí pápá, tí o gbójú sókè wá mi, tí o sì rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo jókòó síbẹ̀, má juwọ́ sí wa. Gbá bọ́ọ̀lù rẹ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ ná.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fọlákẹ́.